Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ẹ Pa Jake Kí Ọkọ̀ Tó Dé Orí Yìnyín

Ìbéèrè: Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Houston ni mo ń gbé. Mo wa tírélà láàárín Èkó àti Kánò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó dé Amẹ́ríkà. Nínú oṣù Ṣẹẹrẹ ni wọn yóò kọ́kọ́ rán mi gba ọ̀nà I-80 kọjá ní Wyoming. Àwọn ọ̀rẹ́ mi lórí WhatsApp ní kí n má fẹsẹ̀ kan bíréèkì rárá lórí yìnyín, pé Jake, bíréèkì inú ẹ́ńjìnnì, nìkan ni kí n máa lò, nítorí kò lè mú kí táyà há. Ṣé òótọ́ ni? Oògùn wo ni kí n sì rà sínú díísù?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ epo kò gùn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú un kúrò nílẹ̀. Ohun kan tó dà bí ìda wà nínú díísù, tí ó máa ń dì nígbà òtútù líle, tí yóò sì dí fílítà. Kí epo tó dì ni a ń da oògùn rẹ̀ sí táǹkì. Bí ó bá ti dì tán, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Díísù tí wọ́n ń tà ní Wyoming nígbà òtútù ni kí ẹ rà, nítorí pé wọ́n ti pò ó fún ojú ọjọ́ ibẹ̀, èyí tí ẹ gbé ti Texas wá sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ oògùn tí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì yín fọwọ́ sí wà nínú ìwé ọkọ̀, n kò ní dárúkọ kankan níhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ Jake gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé gbogbo ìgbà òtútù ni mo ń rí ìmọ̀ràn burúkú yìí, àwọn tó ń tàn án kálẹ̀ kì í sì í sí nítòsí nígbà tí wọ́n bá ń fa tírélà yọ nínú kòtò.

Bí Jake ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Nígbà tí písítìnì bá ti fún atẹ́gùn pọ̀ tán, Jake á ṣí fáàfù kí atẹ́gùn náà lè tú jáde, nítorí náà agbára tí ẹ́ńjìnnì fi fún un kò padà wá ti písítìnì, ẹ́ńjìnnì á sì máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn dípò kí ó máa fà á lọ. Lórí òkè gbígbẹ tó dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀, ohun rere ni, nítorí kì í jẹ́ kí bíréèkì gbóná jù. Èmi fúnra mi máa ń kọ́ àwọn awakọ̀ bí a ṣe ń lò ó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé táyà wo ni agbára ìfàsẹ́yìn yìí ń bọ́ sí. Táyà 8 tí ẹ́ńjìnnì ń yí nìkan ni. Bíréèkì ẹsẹ̀ ń pín iṣẹ́ náà fún gbogbo táyà 18, ti iwájú, ti àárín àti ti tírélà.

Àwọn ọ̀rẹ́ yín ní Jake kò lè mú kí táyà há. Kò pọn dandan kí táyà há pátápátá kí ó tó yọ̀. Bí ó bá ti ń yí díẹ̀díẹ̀ ju bí ọkọ̀ ṣe ń sáré lọ, ó ti ń yọ̀ nìyẹn, ẹ́ńjìnnì kò sì ní jẹ́ kó yí fàlàlà kí ó lè tún di ọ̀nà mú. Ní àkókò yẹn, kò sí bíréèkì kankan lára tírélà, ẹrù inú rẹ̀ sì ń ti orí ọkọ̀ (apá iwájú tí ẹ́ńjìnnì wà) láti ẹ̀yìn, títí tí orí ọkọ̀ yóò fi yí, tí òun àti tírélà yóò sì ká pọ̀. Jackknife nìyẹn. Bí tírélà bá ṣófo, tàbí bí ẹ bá ń wa orí ọkọ̀ nìkan, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìwúwo tó tẹ àwọn táyà 8 náà kéré.

Ohun mìíràn tún wà tí ìmọ̀ràn WhatsApp ń gbà lọ́wọ́ yín. Òfin Amẹ́ríkà mú un ní dandan pé kí orí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti ọjọ́ 1 oṣù Ẹrẹ́nà 1997, àti tírélà tí wọ́n ṣe láti ọjọ́ 1 oṣù Ẹrẹ́nà 1998, ní ABS. Ẹ̀rọ yìí ń ṣọ́ táyà, ó ń tú bíréèkì, ó sì tún ń dì í mú, ju bí ẹsẹ̀ ènìyàn ṣe lè yára tó. Bíréèkì ẹsẹ̀ ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Lóòótọ́, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ABS máa ń pa Jake fúnra rẹ̀ bí ó bá rí i pé táyà ń yọ̀, ṣùgbọ́n táyà ti yọ̀ kí ó tó rí i. Ìwé ìdánwò CDL (ìyọ̀ǹda láti wa ọkọ̀ ńlá) tí ẹ̀yin náà kà kò fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́: ẹ pa Jake nígbàkígbà tí ọ̀nà bá rin fún omi, tí omi bá dì, tàbí tí yìnyín bá bò ó.

Bíréèkì wo ni kí n lò kọ́ ló yẹ kí ẹ bi mí, bí kò ṣe eré mélòó ni kí n máa sá. Ìwé kan náà sọ pé kí a dín eré kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta bí ọ̀nà bá rin fún omi, ní ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí yìnyín bá ti kì mọ́lẹ̀, àti pé bí omi bá ti dì lójú ọ̀nà, kí a máa rá pálá títí a ó fi rí ibi tó láàbò dúró sí. ABS kò sọ pé ọkọ̀ yóò tètè dúró. Bí táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí bá ti yọ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ tẹ clutch bí ọkọ̀ bá ní in, ẹ má sì fa bíréèkì ọwọ́ ti tírélà pé ẹ fẹ́ fi tún ọkọ̀ ṣe.

Omi dídì kì í sábà hàn lójú ọ̀nà. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ fọwọ́ kan iwájú dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bí omi bá ti dì síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ojú ọ̀nà náà ti ń dì. Bí táyà ọkọ̀ iwájú bá ṣíwọ́ títa omi sókè lójú ọ̀nà tó ń dán, ẹ fura. Orí afárá ló ń kọ́kọ́ dì, bẹ́ẹ̀ ni omi dídì sì máa ń yọ̀ jù nígbà tí òtútù bá wà ní nǹkan bí 32°F, ibi tí omi ti ń dì, ju ìgbà tí ó bá tutù rinrin lọ. Bí bíréèkì bá rin fún omi nígbà tí ẹ fẹ́ páàkì, ẹ fi igi dí táyà dípò bíréèkì ìpáàkì, kí ó má baà dì mọ́ra.

Láàárín Laramie àti Rawlins, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Elk Mountain, afẹ́fẹ́ nìkan tó láti dojú tírélà tó ṣófo dé. Ẹ wo 511 ti Wyoming, ibi tí wọ́n ti ń sọ bí ojú ọ̀nà ṣe rí, kí ẹ tó gbéra. Bí wọ́n bá ti I-80 pa, tí ẹ fẹ́ gba I-70 ní Colorado, ẹ rántí pé láàárín Dotsero àti Morrison, ọkọ̀ ńlá gbọ́dọ̀ ní ṣéènì táyà nínú láti ọjọ́ 1 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ títí di ọjọ́ 31 oṣù Èbìbí, ìbáà jẹ́ pé oòrùn ń ràn.

Ẹ ó pàdé dispatcher, ẹni tó ń rán ọkọ̀ níṣẹ́, tí yóò ní kí ẹ ṣáà máa bọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀, 49 CFR 392.14, sọ pé bí ojú ọjọ́ bá léwu tó, kí a dá ọkọ̀ dúró. Òfin tí wọ́n ń pè ní STAA náà sì ń dáàbò bo awakọ̀ tí ó bá kọ̀ láti wakọ̀ nítorí ewu tó hàn gbangba. Bí wọ́n bá torí rẹ̀ fìyà jẹ yín, ọjọ́ 180 ni ẹ ní láti fi ẹjọ́ náà sun OSHA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́. N kì í ṣe agbẹjọ́rò, n kò sì sí nínú ọkọ̀ pẹ̀lú yín, nítorí náà ẹ wá agbẹjọ́rò bí ọ̀rọ̀ bá dé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti páàkì tán, ẹ kọ̀wé ránṣẹ́ sí dispatcher náà: ibi tí ẹ wà, bí ọ̀nà ṣe rí, àti aago tí ẹ dúró. Ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́ lórí fóònù.