Kó o tó fọwọ́ sí ìwé ẹjọ́ ófátáìmù yẹn

Àbúrò mi, o ní àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ níléeṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ pawọ́ pọ̀ pe ọ̀gá yín lẹ́jọ́ nítorí ófátáìmù, ìyẹn wákàtí tó lé tí wọn ò sanwó rẹ̀. Wọ́n gbé ìwé wá pé kó o fọwọ́ sí i, kó o sì mú 5,000 náírà dání, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ kí iṣẹ́ má bọ́. Ọ̀nà tí mo ti rìn kọjá ni, ẹ̀gún rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi.

Àwa mẹ́tàlélógún la pe iléeṣẹ́ kan lẹ́jọ́ ní 2018. Mi ò ní dárúkọ wọn. Létí Ṣágámù ni, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìkòròdú. Aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ ló wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́, 45,000 náírà ló sì ń wọlé lóṣù, mo ṣe mẹ́jọ o, mo ṣe méjìlá o. Wọ́n máa ń sọ pé ọmọ Ìjẹ̀bú ò ṣeé rẹ́ jẹ nídìí owó. Èmi ọmọ Rẹ́mọ rèé, mo fi ọdún méjì àti oṣù méjì ṣe wákàtí mẹ́rin lọ́fẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́, mi ò fi bírò ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé adájọ́ ò ní bi ọ́ bó ṣe rẹ̀ ọ́ tó. Yóò bi ọ́ pé ọjọ́ wo, aago mélòó lo wọlé, aago mélòó lo jáde, ibo ni wọ́n sì kọ ọ́ sí pé wọ́n á sanwó èyí tó lé.

Má sì lọ ka ti Amẹ́ríkà lórí Google kó o wá gbé e wá sílé. Ohun témi ṣe nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Houston ló sọ fún mi pé òfin wọn, tí wọ́n ṣe ní 1938, ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀, ìlọ́po kan àbọ̀ ni kí wọ́n fi san èyí tó lé. Ó ní tí wọ́n bá ń pẹjọ́ náà lápapọ̀, oníkálukú ló ń fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀ pé òun gbà láti wọ inú ẹjọ́ ọ̀hún, ẹni tó bá sì fi falẹ̀, owó ẹ̀yìn rẹ̀ ń jábọ́ lọ ni. Mo wú fùkẹ̀ lọ bá lọ́yà wa pé 40 ni òfin wí. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Labour Act tiwa, ìyẹn òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, kò sọ pé 40, kò sì sọ iye tí wọ́n á fi san ófátáìmù. Abala 13 ní iye wákàtí tí ẹ̀yin àti ọ̀gá bá jọ gbà, tàbí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá bá wọn ṣàdéhùn, ni wákàtí iṣẹ́ yín. Èyí tó bá lé, ófátáìmù ni. Ó ní ẹni tó bá ń ṣe wákàtí mẹ́fà sókè lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan, kí ọjọ́ kan nínú méje sì jẹ́ ti ìsinmi. Iye owó ńkọ́? Inú lẹ́tà rẹ tàbí ìwé ìlànà iléeṣẹ́ ni kó o ti wá a.

Ìwé ìlànà yẹn ló yọ wá. Ìwé pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé kan tí HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pín, tí ẹnikẹ́ni ò kà. Ọ̀kan nínú wa ti ń fi tirẹ̀ dé ike gàrí nílé. Inú rẹ̀ la ti bá a: wákàtí tó bá lé ní mẹ́jọ, ìlọ́po kan àbọ̀. Ẹ̀dà tí àmì ẹnu ike wà lẹ́yìn rẹ̀ roboto yẹn náà la gbé lọ sí kóòtù.

Ti wákàtí ló le jù. Ẹ̀rọ tí a ń tẹ̀ka sí wà, àmọ́ ọwọ́ wọn ló wà. Ìyá Ìbejì, tí wọ́n ń di ọjà sínú páálí, ló gbà wá sílẹ̀. Ọlọ́kadà kan ló máa ń gbé wọn láti géètì lọ sí Sábó, oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó fún un, àwọn méjèèjì sì ti jà rí lórí iye ìgbà tó gbé wọn. Látìgbà náà ni Ìyá Ìbejì ti ń kọ ọ́ sínú jọ́tà: ọjọ́, aago àárọ̀, aago ìrọ̀lẹ́. "6:40." "6:35." "7:05, òjò." Oṣù mọ́kànlá gbáko. Lọ́yà iléeṣẹ́ dìde, ó ní ṣé gbèsè ọ̀kadà ni wọ́n fẹ́ fi gbowó lọ́wọ́ iléeṣẹ́. Ìyá Ìbejì ní, "Ẹ gbé rẹ́jísítà géètì wá, ọ̀gá, ká fi wé ara wọn." Lọ́yà wa ti kọ̀wé béèrè rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọjọ́ kan tó yàtọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn èyí ni iléeṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àdéhùn.

Ìwé tí wọ́n gbé wá fún ọ yẹn, kà á dáadáa. Tiwa, ẹni mẹ́ta la fi ṣe aṣojú, àwa yòókù fọwọ́ sí i pé a fún wọn láṣẹ. Kóòtù gbà bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ ọ̀ràn kan náà ló pa yín pọ̀. National Industrial Court, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá, ni o. Òun nìkan ni abala 254C ìwé òfin ilẹ̀ wa gbé irú ẹjọ́ yìí fún. Lọ́yà tó bá ní kóòtù Májísíréètì lẹ ń lọ, ẹ wá ẹlòmíràn. Béèrè ẹni tí 5,000 yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Àwa san 10,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé lọ́yà á mú ogún nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó bá jáde.

Ní ti iṣẹ́, mi ò ní parọ́ fún ọ. Oṣù kan lẹ́yìn tí ìwé ìpẹ̀jọ́ dé ọwọ́ wọn, káàdì mi ò ṣí géètì mọ́. Wọ́n tún ń pe àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan sí yàrá HR: 20,000 náírà rèé, fọwọ́ síbí pé o ò ní kọ́bọ̀ kan í gbà lọ́wọ́ wa mọ́. Ẹni méje gbà á. Mi ò bínú sí wọn, ìyàwó ọ̀kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ìwé yẹn ló fòpin sí ẹjọ́ tiwọn. Tí wọ́n bá pè ọ́, ní kí wọ́n fún ọ ní ẹ̀dà kó o gbé e lọ fún lọ́yà. Wọn ò ní fún ọ.

Ìbàdàn la ti ń jẹ́jọ́. Mo ti sùn, mo ti jí nínú gosiló ọ̀nà márosẹ̀ yẹn, ká débẹ̀ tán kí wọ́n ní wọ́n ti sún un síwájú. Kòrónà tún dé ní 2020, wọ́n ti kóòtù pa. 2021 la tó parí rẹ̀.

Ìṣirò tèmi: mẹ́rin lórí mẹ́jọ jẹ́ ìdajì owó oṣù, 22,500, pẹ̀lú ìlọ́po kan àbọ̀, 33,750, lọ́nà oṣù 26, ó di 877,500 náírà. Iléeṣẹ́ ní wákàtí kan nínú méjìlá jẹ́ ti ìsinmi, àwọn ò ní sanwó rẹ̀. A ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ la ti ń jẹun lórí ìdúró. Ta ló rí wa? A ò ní ẹ̀rí. Bá a ṣe ń fà á títí nìyẹn tá a fi gba 420,000, adájọ́ sì sọ àdéhùn náà di ìdájọ́. Lẹ́yìn ti lọ́yà, 336,000 ló kù fún mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n san án, ẹ̀ẹ̀kẹta sì pẹ́ kí àlẹ́ẹ̀tì tó dún. Mo fi ra ẹ̀rọ ìlọta, òun ni mo ń jẹ lára rẹ̀ dòní.

Lálẹ́ òní, kó o tó fọwọ́ sí ohunkóhun, wá lẹ́tà rẹ jáde, ya fọ́tò rẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí ò sí níléeṣẹ́ yẹn. Ra jọ́tà. Tó o bá sì ti rí ibi tí wọ́n kọ wákàtí sí nínú lẹ́tà náà, sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi, màá bá ọ wò ó.