Èsì: Ọ̀rá tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ìyàwó àbúrò yín

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n wa ará Ọ̀fà. Ẹ ní àwọn nọ́ọ̀sì tẹ́ ọ̀rá onílà sábẹ́ ìyàwó àbúrò yín bó ṣe bímọ tán, ẹ wá ń bi wá bóyá ọgbọ́n àtifi kún owó ìbímọ ni. Rárá o. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n.

Ojú lásán a máa tanni. Ẹ̀jẹ̀ tí aṣọ àti fóòmù ti fà mu, ta ló lè mọ iye rẹ̀? Kí wọ́n tó ní ó ti pọ̀ jù, ara ìyá ti ń tutù. Àmọ́ tó bá ti dé ìlà 500 mílílítà nínú ọ̀rá, kò sí "ẹ jẹ́ ká máa wò ó" mọ́: wọ́n á fọwọ́ ra ilé ọmọ kó lè sún kì, wọ́n á fún ìyá ní oxytocin (oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì) àti tranexamic acid (oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá), wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á yẹ ojú ara wò bóyá ibì kan ya. Pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni o. Wọ́n dán an wò ní Kenya, Nàìjíríà, South Africa àti Tanzania. Àbájáde tó jáde ní 2023 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ dídà tó le fi 60% dín kù.

Ibi tó ń dùn mí ni ti iná. Inú fíríìjì ni oxytocin ń gbé, ẹ̀yin náà sì mọ iná wa. Oògùn kan tó jọ ọ́, carbetocin, wà tí ooru kì í tètè bà jẹ́, ṣùgbọ́n dídènà ẹ̀jẹ̀ dídà ni tirẹ̀, kì í ṣe ìtọ́jú èyí tó ti bẹ̀rẹ̀. Tranexamic acid ẹ̀wẹ̀, láàárín wákàtí 3 lẹ́yìn ìbímọ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ti abúlé bọ̀ ní Ìlọrin, ẹ ṣírò rẹ̀.

Nígbà míì tí ìyàwó àbúrò yín bá lóyún, ẹ tètè wá ẹni tí yóò fún un lẹ́jẹ̀ àti ọkọ̀ sílẹ̀ kó tó rọbí.