Ẹ̀gbọ́n Màmá Tí Kò Ti Bọ́mà Dé

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ. Kí àwọn tó kù lè mọ ohun tó wà nílẹ̀: ẹni ọdún 91 ni màmá tó bí bàbá rẹ. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin wọṣẹ́ sójà nígbà ogun Hitler, wọ́n sì kó o lọ sí Bọ́mà, ilẹ̀ Éṣíà tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí. Ní 1944 ni akọ̀wé ajẹ́lẹ̀ mú lẹ́tà wá sílé pé ó ti kú lójú ogun. Ọmọ ogún ọdún ni. Ní gbogbo 15 January, ọjọ́ ìrántí àwọn sójà, tí wọ́n bá ti ń fi wọ́n hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, màmá á sunkún, wọ́n á ní, "Ibo ni wọ́n sin ín sí?" Lọ́dún tó kọjá, àbúrò bàbá rẹ fẹ́ tù wọ́n nínú, ló bá ní bóyá kò tilẹ̀ kú, bóyá ó fẹ́yàwó sọ́hùn-ún ni. Ni màmá bá ní kí ẹ tún yàrá ẹ̀yìn ṣe. O wá ń bi mí bóyá kí o sọ òótọ́ tàbí kí o dákẹ́, àti bóyá ó yẹ kí ẹ ṣe òkú rẹ̀.

Sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ lónìí, má sì sọ ọ́ nígbà tí àbúrò bàbá rẹ kò bá sí níbẹ̀.

Mi ò bá a jà o. Irú nǹkan tó sọ yẹn ti ṣẹlẹ̀ rí. Isaac Fadoyebo, sójà kan tó jẹ́ ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, fara gbọta ní àfonífojì odò Kaladan ní Bọ́mà ní 1944 yẹn kan náà, àwọn ará abúlé kan ló sì fi í pamọ́ fún bí oṣù mẹ́sàn-án kí wọ́n tó wá rí i gbà. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí èèyàn máa wo ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Fadoyebo padà délé. Ẹ̀gbọ́n màmá ì bá ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Ta ni ẹ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè?

(Ohun kan ń dà mí láàmú bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí: ṣé "ó" ni kí n máa pè é ni, àbí "wọ́n"? Ó tó bàbá mi í bí, síbẹ̀ ọmọ ogún ọdún ló kú. Mo ti fi í sí "ó". Kó má bínú.)

Ẹ rò pé sàréè ni màmá ń wá. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n nígbà tí wọ́n ka lẹ́tà yẹn lójúde yín. Òkú ọ̀fọ̀ ni. A kì í lùlù sí i, a kì í dá aṣọ sí i, bẹ́ẹ̀ ni òbí kì í sìnkú ọmọ. O kọ ọ́ fúnra rẹ pé wọ́n di aṣọ rẹ̀ sínú àpótí, wọn ò sì dárúkọ rẹ̀ létí ìyá rẹ̀ mọ́. Ìyá ni gbogbo ilé ń rọ̀. Ta ló rọ ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń gbé kọ́rùn lọ sódò? Wọ́n ní kó dákẹ́ nítorí ìyá ẹ̀, ó sì dákẹ́ títí ìyá fi kú, títí bàbá fi kú. Ìgbà tí kò sí ẹni tí wọ́n ń bò ó mọ́ lára mọ́ ni ẹkún tó jáde.

Nítorí náà, wá orúkọ náà kí o tó lọ bá wọn. Lẹ́bàá Yangon, tí wọ́n ń pè ní Rangoon láyé ìjọsí, ibi ìsìnkú àwọn sójà kan wà tó ń jẹ́ Taukkyan. Wọ́n fín orúkọ sára àwọn òpó òkúta ńláńlá níbẹ̀, ó sún mọ́ 27,000, ti àwọn tó kú ní Bọ́mà tí kò ní sàréè tí a mọ̀. Àwọn ọmọ Nigeria Regiment wà lára wọn. Commonwealth War Graves Commission ló ń tọ́jú ibẹ̀, èèyàn sì lè wá orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Má fi orúkọ ìdílé yín wá a. Ọ̀pọ̀ sójà ni wọ́n fi orúkọ ìlú kún tiẹ̀: Òjó tó ti Ìlọrin wá di Ojo Ilorin. Orúkọ tirẹ̀ àti ti ìlú yín ni kí o tẹ̀, ní oríṣiríṣi sípẹ́lì, bí òyìnbó ṣe lè gbọ́ ọ. Tú àpótí yẹn náà wò. Bí o bá rí ìwé tó ní nọ́ńbà tí NA ṣíwájú rẹ̀, nọ́ńbà sójà rẹ̀ nìyẹn.

Bí o bá rí i, tẹ̀ ẹ́ jáde ní lẹ́tà gàdàgbà. Bí o ò bá rí i, wọ́n lè ti ṣi orúkọ rẹ̀ kọ. Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, má fi irọ́ dí i.

Àbúrò bàbá rẹ ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àbá lòun dá lọ́jọ́sí. Lẹ́yìn náà kí o wí pé, "Màmá, ẹ̀gbọ́n yín kú sí Bọ́mà." Má sọ pé ó sọnù, má sọ pé ó sùn. Kí o wá panu mọ́. Bí wọ́n bá sunkún, má rọ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n ti gbọ́ ìyẹn tó. Nígbà tó bá yá, bi wọ́n ní oríkì rẹ̀. Kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n mọ́ láyé, nítorí náà mú bírò dání.

Ní ti òkú ṣíṣe, ẹnu màmá ni kí ẹ máa wò. Bí àdúrà ni wọ́n fẹ́, ẹ gbà á. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ aṣọ ẹbí, sọ pé èmi ni mo ní rárá.

Yàrá ẹ̀yìn ńkọ́? Ẹ má tíì palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Gbé ìwé orúkọ náà kọ́ síbẹ̀, kí o jẹ́ kí màmá fúnra wọn sọ ẹni tí yóò máa sùn síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n pè, kó ẹrù rẹ wọlé.