Farm, ferme àti oko: ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?

Ẹnìkan béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Kétu, lápá Bẹ̀nẹ̀, máa ń sọ ní Faransé pé òun ń lọ sí champ. Kí ló dé tí kò pè é ní ferme? Ṣé ferme kọ́ ni farm ni?"

Ẹ̀gbọ́n yín kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ibi tí ebè àti poro wà, tí èèyàn ń gbé ọkọ́ lọ láàárọ̀, champ ni. Ilé àgbẹ̀ ni ferme, pẹ̀lú ilé ẹran, aká àti ilẹ̀ tó yí wọn ká. Ó sún mọ́ àbà ju oko lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbà tiwa lè gba ìdílé mẹ́wàá. Field gan-an ló yẹ kó bá champ dọ́gba nínú Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwa ará Nàìjíríà, field ti di pápá bọ́ọ̀lù, farm la fi ń pe oko.

Síbẹ̀, ìyá kan ló bí farm àti ferme. Firma ni Látìn ń pè é: owó tí a ti dá iye rẹ̀, tí kì í lé, tí kì í dín. Faransé sọ ọ́ di ferme, Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Àní, kí farm tó di ilẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ ló jẹ́! Ẹni tó gba ilẹ̀ onílẹ̀ dáko, tó ń san iye kan lọ́dọọdún, òun ni wọ́n ń pè ní farmer. Ó tó bíi ọ̀rúndún kẹrìndínlógún kí orúkọ owó náà tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Faransé kò gbàgbé. Fermage ni wọ́n ṣì ń pe owó ilẹ̀. Lavoisier, gbajúmọ̀ onímọ̀ kẹ́mísírì tí wọ́n bẹ́ lórí ní 1794, fermier général ni, kì í sì í ṣe pé ó ń gbin nǹkan kan. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń san owó fún ọba kí wọ́n lè gba owó orí iyọ̀ àti tábà lọ́wọ́ ará ìlú.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni grange. Ní Faransé, aká lásán ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí The Grange lára géètì ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé olówó ni, ẹ má wá ọkà lọ síbẹ̀. Barn ni aká tiwọn, ìtumọ̀ rẹ̀ látilẹ̀ sì ni ilé ọkà bálì.