Ṣé ó léwu láti máa lé tìróò fún ọmọ ọwọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ọmọ mi ti pé oṣù márùn-ún. Láti ìgbà tí ìyá ọkọ mi ti wá bá wa tọ́mọ ni wọ́n ti ń lé tìróò fún un ní àràárọ̀, kí ojú rẹ̀ lè mọ́, kí ẹyinjú rẹ̀ sì tóbi. Nọ́ọ̀sì kan ní kí n jáwọ́, pé òjé ló wà nínú rẹ̀. Màmá ní àwọn lé e fún ọkọ mi àti àwọn àbúrò rẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Nọ́ọ̀sì yẹn ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ẹ má lé e fún un mọ́ láti òní lọ.

Òjé àti imí ọjọ́ ló para pọ̀ di òkúta dúdú tó ń dán tí wọ́n ń lọ̀ ṣe tìróò. Lẹ́ẹ̀dì súlífáìdì ni à ń pè é. Nínú 100 gíráàmù rẹ̀, òjé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 87. Òjé inú eléyìí ló ń bà mí lẹ́rù.

Omi lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ tìróò. Ṣùgbọ́n ọmọ yín á fọwọ́ ra ojú, á tún ki ọwọ́ náà bọ ẹnu. Bó bá ti dé ikùn, ásíìdì ibẹ̀ á tú òjé sílẹ̀, á sì gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Òjé tó ń ti ikùn ọmọdé wọ ẹ̀jẹ̀ máa ń tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà.

Òjé máa ń tètè dì mọ́ imí ọjọ́, imí ọjọ́ sì wà nínú ọ̀pọ̀ énsáìmù, ìyẹn àwọn èròjà tó ń mú kí iṣẹ́ inú ara wa máa lọ. Ó ń dì mọ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́ lára ìpèsè ẹ̀jẹ̀ pupa, ẹ̀jẹ̀ ọmọ á sì máa dín kù. Ọpọlọ ló wá ń jìyà jù. Ọmọ lè máa rẹ́rìn-ín, kó máa mu ọmú dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má fura títí yóò fi dé iléèwé tí ẹ̀kọ́ kò wọ̀ ọ́ lórí. Màmá kò purọ́. A kàn ṣáà mọ̀ pé ìpalára yìí kì í hàn sójú ni.

Lọ́dún 2011, ní Boston, wọ́n bá máíkírógíráàmù òjé 13 nínú dẹsilítà ẹ̀jẹ̀ kan lára ọmọ oṣù mẹ́fà tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Tìróò tí wọ́n ń lé fún un ni: nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, òjé kó ìdá 82.6 nínú 100 rẹ̀. Lónìí, 3.5 péré ti tó kí CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n wá ibi tí òjé ti ń wọlé sára ọmọ.

Ẹ fi omi tó mọ́ àti òwú nu ojú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, ohun ìṣeré rẹ̀ àti aṣọ tó ń sùn lé. Lọ́sẹ̀ yìí kan náà, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láti iṣan rẹ̀ láti fi mọ ìwọ̀n òjé tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe é bí ẹ bá ń lé tìróò, torí òjé ń gba inú ọmú kọjá. Ẹ má torí ìyẹn já a lẹ́nu ọmú kí dókítà tó rí èsì yín.

Bó bá jẹ́ díẹ̀ ni, jíjáwọ́ nínú tìróò, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní áyọ́ọ̀nù àti kálísíọ̀mù nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, á mú un lọ sílẹ̀. Bó bá tó máíkírógíráàmù 45 nínú dẹsilítà ẹ̀jẹ̀ kan, a óò gbà á sí ọsibítù fún oògùn tí wọ́n ń pè ní succimer. Imí ọjọ́ wà nínú oògùn náà. Ó ń di òjé mú, ó sì ń bá a jáde nínú ìtọ̀. Òun ni wọ́n lò fún àwọn ọmọ Zamfara lẹ́yìn tí òjé láti ibi ìwakùsà wúrà pa àwọn ọmọ tó lé ní 400 lọ́dún 2010.

Ní ti Màmá, ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ bá wọn sọ ọ́. Ẹ mú wọn dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ gba èsì, kí dókítà fúnra rẹ̀ ka iye náà sí wọn létí.