Ṣé dandan ni kí rédíò ìbílẹ̀ ní Ireland máa ka ìròyìn?

Bẹ́ẹ̀ ni, òfin ló sọ ọ́ di dandan. Òfin ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti ọdún 2009 ní kí rédíò aládàáni fi, ó kéré tán, ìdá 20 nínú 100 àkókò rẹ̀ sílẹ̀ fún ìròyìn àti ọ̀rọ̀ tó ń lọ nílùú. Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ ju wákàtí 12 lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ṣe wákàtí 2 nínú rẹ̀ láàárín aago méje àárọ̀ sí méje ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n má baà kó gbogbo rẹ̀ sí òru. Lára irú àwọn rédíò bẹ́ẹ̀ ni Highland Radio ní Donegal àti Radio Kerry. Àmọ́ Coimisiún na Meán, àjọ tó ń bójú tó wọn láti ọdún 2023, lè yọ̀ǹda kí ti ẹlòmíràn dín.