Kí àbúrò yín tó buwọ́ lu ìwé ìjà Accra yẹn

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa àbúrò yín tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ ní Àjárà, mo ti ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní pùròmótà kan, ìyẹn ẹni tó ń ṣètò ìjà tó sì ń náwó sí i, pè é láti Accra pé kó wá bá ọmọ wọn du bẹ́líìtì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀, pé kó tètè fọwọ́ sí i kí wọ́n má baà gbé e fún ẹlòmíì. Ẹ ní ṣé kó lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró sí kọ́nà àwọn ọmọ wa ní Badagry yìí, tí mò ń tọ́jú wọn láàrin ráùndì, tí mo sì ń bá wọn kọjá Sẹ̀mẹ̀ lọ jà ní Kútọnu, Lomé àti Accra. Ó lè lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí tí wọ́n fi pè é. Onílé wà, àlejò wà. Ara onílé ni pùròmótà ń náwó sí, òun ni àwọn ará àdúgbò ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wá wò. Àlejò ni wọ́n ń wá ní ìgbẹ̀yìn. Ẹni tó ń bá wọn wá alátakò á ti yẹ àkọsílẹ̀ ọmọ yín wò lórí BoxRec, ìkànnì tí wọ́n ń kọ ìjà àwọn akànṣẹ́ sí, kó tó gbé fóònù: iye ìjà tó ti jà, ráùndì tó ti dé rí, bóyá ọlọ́wọ́ òsì ni. Bí àbúrò yín kò bá tíì ja ju ráùndì mẹ́fà lọ, tí wọ́n wá pè é sí ti mẹ́wàá tàbí méjìlá, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Kì í ṣe pé àlejò kì í borí o. Ọ̀dọ̀ wọn ní San Francisco ni Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà, ti kọ́kọ́ na Gene Fullmer, ará Amẹ́ríkà, ní 1962, kó tó di pé ó mú un wá sí Liberty Stadium n'Ìbàdàn ní 10 August 1963. Pé wọ́n pè é ní kánjúkánjú náà kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ní 2019, Jarrell Miller ló yẹ kó bá Anthony Joshua, ẹni tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ṣágámù, jà ní New York. Àyẹ̀wò bá oògùn èèwọ̀ lára Miller, ni wọ́n bá pe Andy Ruiz nígbà tí ìjà kù bí oṣù kan. Ruiz lọ, ó gbé Joshua ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó kó gbogbo bẹ́líìtì rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àtúnjà ti wà nínú ìwé tó fọwọ́ sí kó tó wọ ríìngì. Ruiz fẹ́ kó jẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n á ti jà á. Saudi Arabia ni wọ́n gbé e lọ ní oṣù Kejìlá, Joshua sì gba nǹkan rẹ̀ padà.

Ibi tó yẹ kí ẹ fojú sí nìyẹn. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé bí ó bá borí, àwọn ló ni ìjà mẹ́ta tó bá tẹ̀ lé e. Àtúnjà kan, mo lè fara mọ́ ọn. Ìjà mẹ́ta láìsí iye owó, láìsí ọjọ́ tí àdéhùn máa parí, ẹ má fọwọ́ sí i. Mo mọ ọmọ kan tó gba bẹ́líìtì ní Kútọnu, tó sì jókòó sílé ní Badagry ju ọdún kan lọ nítorí pùròmótà kò ṣètò ìjà fún un, kò sì jẹ́ kó bá ẹlòmíì ṣe. Ọ̀kadà ló ń gùn láàrin Mowó àti Sẹ̀mẹ̀, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ mú jù lọ nínú ẹ̀ṣẹ́. Inú mi ṣì máa ń bàjẹ́ bí mo bá rántí.

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ńkọ́? Ẹni tó máa jà ní 61.2 kg kò gbọdọ̀ jókòó sínú bọ́ọ̀sì lọ sí Accra lọ́jọ́ tó ṣáájú ìwọ̀n, ìyẹn ìgbà tí wọ́n máa ń gbé akànṣẹ́ sórí òṣùwọ̀n kó tó jà. Mo ti bá ọmọ kan rìn ín. Kò tíì mu omi láti alẹ́ àná, ó ń tutọ́ sínú ìgò kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́. Ní Sẹ̀mẹ̀ wọ́n ní ká mú káàdì yẹ́lò wá, ní Hilla-Condji wọ́n dá wa dúró sínú oòrùn, ní Aflao wọ́n tún tú báàgì wa. Nígbà tí a máa fi débẹ̀, kókósẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó gun òṣùwọ̀n, ó fi díẹ̀ lé. Ó bọ́ ṣòkòtò, a fi tówẹ́ẹ̀lì bò ó, ó ṣì lé. Wọ́n fún un ní wákàtí méjì, ó wọ nylon, ó ń fo okùn lẹ́yìn hòtẹ́ẹ̀lì títí ètè rẹ̀ fi là. Ó bọ́ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó jà lọ́jọ́ kejì kọ́ ni mo mú kúrò nílé. Nítorí náà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkọ̀ òfuurufú ni, tàbí kí wọ́n gbà yín sí hòtẹ́ẹ̀lì ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìwọ̀n, pẹ̀lú oúnjẹ.

Owó wá. Ẹ má gbọ́ iye kan kí ẹ máa yọ̀. Àwọn àjọ tó ń fọwọ́ sí bẹ́líìtì máa ń gba tiwọn. Ti àwọn ńláńlá sábà máa ń jẹ́ ìdá 3 nínú 100 owó akànṣẹ́. Kóòṣì sábà máa ń gba 10. Máníjà lè gbà tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ká ní mílíọ̀nù kan náírà ni, á ku bíi 537,000, láì tíì san owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ti ojú àti ti ọpọlọ. Ẹ béèrè ta ló ń san èwo, kí wọ́n kọ ọ́. Bí pùròmótà bá ní òun á bá yín wá máníjà, ẹ kọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n fi orúkọ Muhammad Ali pè ní 2000 kò gbà kí pùròmótà tún lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ máníjà akànṣẹ́ kan náà, nítorí ẹni tó ń sanwó àti ẹni tó ń bá ọ gba owó kò lè jẹ́ ẹnì kan.

Ẹ tún béèrè ibi tí owó wà báyìí. Nígbà tí ẹgbẹ́ Tyson Fury àti ti Dillian Whyte kò fẹnu kò lórí ìjà wọn ní 2022, ìdíje owó ni WBC, ọ̀kan nínú àwọn àjọ tó ni bẹ́líìtì, pè: pùròmótà tó bá dá owó tó pọ̀ jù ló máa ṣètò ìjà náà. Pùròmótà Frank Warren borí pẹ̀lú mílíọ̀nù 41 dọ́là ó lé díẹ̀, wọ́n pín in 80 fún Fury, 20 fún Whyte. Nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá borí gbọ́dọ̀ fi apá kan owó sílẹ̀ kí ìjà tó wáyé. Tiyín kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n fi owó náà sọ́wọ́ àjọ tó ń ṣàkóso ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ sì gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ Nigerian Boxing Board of Control kí ọmọ náà tó kọjá bọ́dà, kí ẹ lè rí ẹni bá yín sọ̀rọ̀ bí nǹkan bá dàrú. Ní ti adájọ́ mẹ́ta tó máa fún wọn ní máàkì, ẹ má gbà kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ará ìlú onílé.

Ẹ fún wọn lésì lónìí, kí ẹ ní kí wọ́n fi odindi ìwé àdéhùn ránṣẹ́, kì í ṣe fọ́tò ojú ìwé kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ní kò sí àyè láti yí nǹkan kan padà, ẹ jẹ́ kí wọ́n pe ẹlòmíì. Bí ẹ bá sì rí i gbà, ẹ gbé e wá kí n bá yín kà á. Mo sábà máa ń wà ní Badagry lópin ọ̀sẹ̀.